Wáyà Tó Ń Jẹ́ Màmá

Kò sí ẹni tó ń pe olùkọ́ awakọ̀ yìí ní orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Bàbá Rọra ni gbogbo ènìyàn ń pè é, láti orí àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí dé orí àwọn àna rẹ̀, nítorí pé "Rọra" ni ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti fọwọ́ kan sítíárìn. Ọkọ̀ lè má tíì kúrò lójú kan, yóò sọ ọ́. Ọkọ̀ lè dúró jẹ́ẹ́ níwájú iná pupa, yóò tún un sọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, kó gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì kejì tí wọ́n ṣe sábẹ́ ẹsẹ̀ olùkọ́, kó sì máa retí pé ẹlòmíràn fẹ́ pa òun. Ó ti ṣe é pẹ́ débi pé bó bá wà ní pálọ̀ tó ń wo fíìmù, tí ọkọ̀ kan bá sáré yọ níbẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ yóò tẹ kápẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀. Ojú ibi tí ẹsẹ̀ náà máa ń tẹ̀ ti lu. Ìyàwó rẹ̀ ti fi aṣọ lẹ̀ ẹ́. Ní ti fèrè ọkọ̀, kò sí kọ́nà tí yóò yà láìfọn ọ́n, ìbáà jẹ́ pé òun nìkan ló wà lójú títì náà. Fèrè, lójú tirẹ̀, ni ìwà ọmọlúàbí inú ọkọ̀.

Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ló wá jí lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ kan ọkọ̀ eré-ìje.

Àwọn tó gbọ́ rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, kò sì tíì sí ọjọ́ kan tí ọ̀nà gbọọrọ wà níwájú rẹ̀, tí sítíárìn wà lọ́wọ́ tirẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń wá nìyẹn, kò wá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ ajórin ló bá a jó egungun ọkọ̀ náà pọ̀. Inú ọkọ̀ ìdílé kan tó ti forí gbá ògiri ni wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Òun ló rán ìjókòó, òun ló sì rán awọ tó bo sítíárìn. Ṣùgbọ́n yàrá ìgbọ́kọ̀sí tí wọ́n ti ń ṣe gbogbo rẹ̀, ti ìyá Aránṣọ ni, nítorí òun ló ni ilé. Màmá ni gbogbo wọn ń pè é. Òkè ni Màmá ń gbé, tọkọtaya náà wà nísàlẹ̀, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà gan-an, débi pé kò sí irin tó wọlé tàbí tó jáde tí kò mọ̀ sí.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí Bàbá Rọra kọ́kọ́ na wáyà sínú ọkọ̀ yìí, nọ́ńbà ló kọ sára wọn. Ó kọ wọ́n sórí pépà, ó so wọ́n rọ̀, kò sì ronú pé ẹ̀fà tó bá dorí kodò, ẹ̀sán ló dà. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní ti Bàbá Rọra, ẹ̀sán ló wà lẹ́yìn ẹ̀fà, èéfín ló sì wà lẹ́yìn ẹ̀sán. Pápá eré-ìje tó fẹ́ gbé e lọ kì í dán ọkọ̀ tuntun wò ju ọjọ́ kan lọ lọ́dún. Ọjọ́ yẹn gan-an ni dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ rú èéfín lójú àwọn olùyẹ̀wò. Okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ ìdí ọkọ̀ tó fi ń kọ́ ènìyàn, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé "Ẹ ṣe sùúrù, akẹ́kọ̀ọ́ ni." Gbogbo ẹni tó pàdé wọn lọ́nà ló sì ṣe sùúrù.

Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi tì í wọlé tán. Kò pariwo.

"Ọkọ ọmọ mi," ó ní, "o kú iṣẹ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, bí ẹ bá tún fi okùn fa nǹkan yìí dé, ẹ má wulẹ̀ yà síbí. Ẹ máa fà á lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹnì kan wà tó fẹ́ fi yàrá yẹn ṣe ilé ìfọṣọ."

"Ẹ ṣeun, Màmá," ni Bàbá Rọra wí. Kí ni ì bá tún wí? Ó mọ̀ pé nínú gbogbo ayé, yàrá kan ṣoṣo ló wà tí wọ́n lè gbà fún ọkùnrin tó ti tó ọjọ́ orí òun kó máa fi irú èyí ṣeré, ọwọ́ ìyá ìyàwó òun sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

Ó bá tú ọkọ̀ náà. Ó tú u títí ó fi ku egungun. Ó fi ṣéènì gbé ẹ́ńjìnnì rọ̀ sórí igi àjà, ó fa àwọn wáyà tó ti jóná jáde bí ẹni tó ń fa ìfun ẹja, ó sì da àwọn nọ́ọ̀tì sínú àwọn agolo tí ìyàwó rẹ̀ máa ń kó bọ́tìnnì aṣọ sí. Ó ṣẹlẹ̀ pé aṣọ oníbàárà kan délé tòun ti nọ́ọ̀tì kan nínú àpò, ṣùgbọ́n ìyẹn ò di ẹjọ́.

Nígbà tó tó àsìkò láti na wáyà tuntun, ó pe Aránṣọ.

"Mi ò fẹ́ nọ́ńbà mọ́. Nọ́ńbà máa ń dorí kodò. Orúkọ èèyàn ni mo fẹ́."

"Orúkọ ta ni?"

"Ti àwọn èèyàn wa. Bí wọ́n bá dorí ìyá rẹ kodò, ṣé mi ò ní dá a mọ̀ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Màmá gbọ́ yẹn, Dádì."

Aránṣọ kó àgékù aṣọ jáde, ó sì fi òwú kọ orúkọ sára wọn, ẹyọ méjì méjì, nítorí pé wáyà kọ̀ọ̀kan ní orí méjì: ọ̀kan lọ́dọ̀ bọ́tìnnì tí awakọ̀ ń tẹ̀, èkejì níbi tó ń lọ nínú imú ọkọ̀. Wáyà ẹ̀rọ tó ń fa epo, wọ́n sọ ọ́ ní Ajórin, nítorí pé ọkùnrin náà kì í rí ohun mímu kó má fà á. Wáyà fáànù tó ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì ń jẹ́ orúkọ àbúrò Aránṣọ ọkùnrin, ẹni tó jẹ́ pé ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná tán nínú ẹbí ló máa ń dé. Wáyà tí gbogbo iná ń gbà padà sí bátìrì, Aránṣọ fúnra rẹ̀ ni.

"Ibi yòówù tí wọ́n bá rìn dé," ni ọkọ rẹ̀ ṣàlàyé, "ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n ń padà sí."

Aránṣọ ki òwú bọ abẹ́rẹ́. "Ẹ má rò pé mi ò mọ̀ pé ẹrù lẹ dì fún mi."

Wáyà sítátà, èyí tó ń jí ẹ́ńjìnnì, Bàbá Rọra fi orúkọ ìyá tirẹ̀ pè é. Ìyá wa ni wọ́n ń pe ìyá náà; ìlú mìíràn ló ń gbé, kò sì sí ẹni tó sùn nílé rẹ̀ rí tó sùn títí oòrùn fi yọ. Ó wá ku fèrè.

"Màmá," ni Bàbá Rọra wí.

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Aránṣọ. "Fèrè?"

"Kí ló tún wà nínú ọkọ̀ tó níyì tó fèrè? Òun ló ń la ọ̀nà. Òun ni gbogbo ayé ń gbọ́."

Ajórin tó wà lábẹ́ ọkọ̀ dá sí i. "Ọkọ̀ eré-ìje kì í ní fèrè, Bàbá Rọra."

"Tèmi ní."

Ohun tó dun ni nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé òótọ́ inú rẹ̀ ló ń sọ. Ipò tó ga jùlọ tó mọ̀ nínú ọkọ̀ ló fi ìyá ìyàwó rẹ̀ sí.

Ó ti de orí àwọn wáyà náà mọ́ àwọn bọ́tìnnì wọn, wọ́n ti wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì ku kí ó de orí kejì tó rọ̀ sílẹ̀ nínú imú ọkọ̀, nígbà tí Màmá sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan wá wá àkàbà. Bàbá Rọra wà níbi iṣẹ́. Aránṣọ nìkan ló wà nínú yàrá náà. Màmá rí àgékù aṣọ, ó rí òwú, ó sì fa awò ojú rẹ̀ jáde.

"Èmi rè é," ó ní.

"Ẹ̀yin ni, Màmá. Gbogbo wa la wà níbẹ̀."

"Níbo ni mò ń lọ?"

Aránṣọ wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Fèrè ni, Màmá."

Màmá di àgékù aṣọ náà mú bí ẹni tó di ìrù eku mú. "Ìyẹn ni pé èmi ni ariwo."

"Háà, Màmá, fèrè ló ń la ọ̀nà. Òun ni gbogbo ayé ń—"

"Èyí tí wọ́n kọ Ìyá wa sí ńkọ́? Ibo nìyẹn ń lọ?"

"Òun ló ń jí ẹ́ńjìnnì."

"Ẹ́ńjìnnì kò lè jí láìsí i?"

"Kò lè jí, Màmá."

Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì fara balẹ̀ nù ún. "Ó dáa. Èmi ò rí nǹkan sọ. Ẹni tí kò wá síbí rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó yín ló ń jí ẹ́ńjìnnì. Èmi kàn ni yàrá ni."

Ó gbé àkàbà, ó ń lọ. Aránṣọ mọ ohùn yẹn. Wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Ó pè é padà, ó fi sáàsì gé òwú orúkọ méjèèjì níbi tí wọ́n rọ̀ sí nínú imú ọkọ̀, ó fi Màmá síbi tí Ìyá wa wà, ó fi Ìyá wa síbi tí Màmá wà, ó sì so òwú wọn padà. "Ẹ wò ó, Màmá. Èyí tó ń lọ síbi sítátà ló ń jẹ́ yín báyìí." Màmá wò ó. Ó ní òun ò ní kó ṣe bẹ́ẹ̀ o, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Ó gun òkè lọ, ó gbàgbé àkàbà.

Ká tó dá Aránṣọ lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká rántí iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́dọ̀ aránṣọ, bí apá aṣọ bá ti wọ ara aṣọ, àmì tí wọ́n fi sí i kò ní iṣẹ́ mọ́. Wọ́n lè já a dànù. Ó rí i pé àwọn wáyà náà ti wọ ibi kan, ó sì rò pé orúkọ tó kù lára wọn kò ju ọ̀ṣọ́ lọ. Ó pinnu pé òun yóò sọ fún ọkọ òun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó, bí a kò bá là á, kì í dìjà. Kò là á.

Bàbá Rọra dé, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí orúkọ ṣe wí. Ohun tó ń jẹ́ Ìyá wa, ó dè é mọ́ sítátà. Ohun tó ń jẹ́ Màmá, ó dè é mọ́ fèrè. Màmá gbé orúkọ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ fèrè lọ́sàn-án; kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọkọ ọmọ rẹ̀ ti fi ọ̀wọ̀ gbé e padà síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n to ọkọ̀ náà padà. Àwọn tó ti tú nǹkan rí mọ̀ pé títú kò ṣòro. Ìgbà títò ni nǹkan máa ń ṣẹ́kù. Ti àkókò yìí, nọ́ọ̀tì kan péré ló ṣẹ́kù, wọ́n sì rò ó pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ajórin di ẹ́ńjìnnì mú láti òkè, Bàbá Rọra ń darí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń wí pé "Rọra, rọra," títí Ajórin fi ní bí òun bá tún rọra jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun yóò sùn. Ìjókòó wọlé, sítíárìn wọlé, téèpù dúdú bo àwọn wáyà láti ìdí dé orí.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò ni wọ́n gbé e síta. Bàbá Rọra jókòó sídìí sítíárìn, ó nu ọwọ́ lára ṣòkòtò, ó tẹ bọ́tìnnì sítátà.

Fèrè dún.

Ó tún un tẹ̀. Fèrè tún dún, ó dún dáadáa. Fèrèsé òkè ṣí.

"Ọkọ̀ yín fẹ́ yà kọ́nà," ni Ajórin wí.

Ohun tí Bàbá Rọra rí níwájú rẹ̀ ni okùn ọdún tó kọjá, àti ilé ìfọṣọ. Ó fi àtàǹpàkò tẹ fèrè tó wà láàárín sítíárìn, bóyá láti dán an wò ni, bóyá nítorí pé ohun tó máa ń ṣe nìyẹn bí ọkàn rẹ̀ bá dàrú. Ẹ́ńjìnnì jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jí láìwúkọ́, ó ń hó bí omi tó ti ń retí iná.

Kó tó pa á, Màmá ti dé ìsàlẹ̀. Ó tẹ orí sínú ọkọ̀, ó sì wo ẹ̀yìn sítíárìn níbi tí àgékù aṣọ kan ti yọ jáde. Màmá ni wọ́n kọ sí i.

"Èyí lo tẹ̀ tó fi jí?"

"Òun ni, Màmá. Ṣùgbọ́n—"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Màmá wí. "Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

Aránṣọ wá dúró ti ọkọ rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ ní ohùn tí kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Bàbá Rọra fi ìka tọ wáyà náà láti òpin dé òpin. Wáyà kan ṣoṣo ni. Orúkọ ìyá ìyàwó rẹ̀ wà lórí rẹ̀ níbi bọ́tìnnì, orúkọ ìyá rẹ̀ wà lórí rẹ̀ níbi sítátà. Àwọn ìyá méjì tí wọn kò tíì jọ jẹun rí ti wá ń jọ jí ẹ́ńjìnnì.

Ajórin ti mú sípánà. "Nọ́ọ̀tì méjì péré ni. Kó tó—"

"Nọ́ọ̀tì wo?" ni Màmá bi í.

"Kò sí nọ́ọ̀tì kankan, Màmá."

Nígbà tí Màmá wọlé, Ajórin bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ òótọ́. "Ẹ gbọ́ o. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, tí ẹ bá tẹ fèrè, sítátà máa ki eyín bọ ẹ́ńjìnnì tó ń yí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ó fọ́ nìyẹn, okùn la ó fi fà á wálé. Ẹ má fọn fèrè."

"Ní kọ́nà ńkọ́?"

"Pàápàá ní kọ́nà."

Bàbá Rọra wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó má mí mọ́.

Ó ní lọ́kàn pé bí àwọn bá dé pápá, òun yóò yọ́ kẹ́lẹ́ yí nọ́ọ̀tì méjèèjì. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá ti wọṣọ, ó ti gbé àga rẹ̀ sínú ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní òun fẹ́ lọ wo ohun tí òun ń jí. Nígbà tí wọ́n dé pápá, ó tẹ́ àga náà sí iwájú imú ọkọ̀, ó jókòó, kò sì dìde.

Olùyẹ̀wò jẹ́ obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó fa bẹ́líìtì ìjókòó wò, ó wo ìdí táǹkì, ó pa iná ọkọ̀, ó tún un tàn. "Ẹ jí i."

Bàbá Rọra fọn fèrè, ẹ́ńjìnnì jí.

"Fèrè lẹ fi ń jí i?"

"Nítorí àwọn olè ni, mà," ni Ajórin sọ kíákíá.

Obìnrin náà wo ọkọ̀ náà láti imú dé ìdí. "Olè wo?" Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó sọ ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fi jí ẹ́ńjìnnì. Ó ní kó lọ yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹrin láìdúró.

Ní kọ́nà àkọ́kọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ kò bi í léèrè kó tó tẹ fèrè. Sítátà ké nínú imú ọkọ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi irin họ irin. Ó ká ọwọ́ kúrò bí ẹni tí iná jó. Ìgbà tí yóò fi dé kọ́nà kejì, ó ti dín eré kù débi pé ẹni tó ń rìn lè bá a rojọ́, nítorí pé ó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò lè yà láìkìlọ̀ fún ayé. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti wá sí i. Bọ́tìnnì sítátà ṣì wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, fèrè ló sì wà ní òpin wáyà rẹ̀. Ó na ọwọ́ kan, ó tẹ̀ ẹ́. Fèrè dún, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó yà.

Àwọn ènìyàn dìde lórí ìjókòó wọn láti wo ohun tó ń dún. Àwọn ọkọ̀ yòókù ń kọjá lára rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Àwọn mìíràn juwọ́ sí i, wọ́n rò pé ó ń kí àwọn ni. Ṣùgbọ́n ní ìyípo kẹta, níbi tí ọ̀nà náà ti gùn tó sì tọ́ jùlọ, kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ epo. Ẹnu rẹ̀ wí pé "Rọra," ó wo ìjókòó ẹ̀gbẹ́, òfìfo ni. Ẹsẹ̀ náà kò gbọ́. Ó jẹ́ kó lọ. Egungun irin náà ń gbọ̀n, afẹ́fẹ́ ń gbá a lójú, ó sì lọ bẹ́ẹ̀ títí kọ́nà fi dé, tó na ọwọ́, tó fọn fèrè.

Nínú gbogbo àwọn tó wọ pápá lọ́jọ́ náà, òun ló ṣe ìkẹyìn.

"Ọkọ̀ yìí yege," ni olùyẹ̀wò wí. "Ẹ bá awakọ̀ yìí wá ẹni tó máa kọ́ ọ lọ́kọ̀ wíwà."

Ajórin fi fìlà bo ẹnu. Bàbá Rọra dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà tọkàntọkàn.

Màmá pè é sídìí àga rẹ̀. "Ta ló ń pariwo ní gbogbo kọ́nà yẹn?"

Bàbá Rọra wo ìyàwó rẹ̀. Aránṣọ ló dáhùn. "Bọ́tìnnì Ìyá wa ni, Màmá."

"Mo mọ̀," ni Màmá wí, ojú rẹ̀ sì túká. "Ohùn rẹ̀ ni." Ó dìde, ó ní kí wọ́n ká àga. "Ẹni tó fẹ́ ṣe ilé ìfọṣọ yẹn, kó wá ibòmíràn. Ọkọ tó ń rọra báyìí kò ní sọ ọmọ mi di opó. Ṣùgbọ́n o, ọkọ ọmọ mi, lọ́dún tó ń bọ̀, má ṣe ìkẹyìn mọ́. Obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àna tirẹ̀ wà níwájú."

Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló gun tírélà tí Ajórin fi gbé e wá, ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì wọ yàrá rẹ̀ láìsí okùn. Nígbà tí Ajórin ti lọ, Aránṣọ mú sípánà wá, ó sì nà án sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ yí i báyìí, Dádì. Nọ́ọ̀tì méjì ni."

"Ṣé Màmá wà lójú fèrèsé?"

Aránṣọ yọjú wò. "Wọ́n wà níbẹ̀."

"Dá a padà sínú àpótí," ni Bàbá Rọra wí. "Mo ti mọ̀ ọ́n tẹ̀ báyìí."